Bí ẹ ṣe lè ṣọ́ ìgbòkègbodò lámilámi nínú ọgbà ilé yín, láti ìdájí títí di àṣálẹ́

Ẹni tó bá ń lé lámilámi kiri inú ọgbà kò ní rí ju ìrù rẹ̀ tó ń lọ. Ojú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lára àwọn tó tóbi lè ní awẹ́ wẹ́wẹ́ tó súnmọ́ 30,000, ó sì ń fi wọ́n rí iwájú, òkè, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn pa pọ̀. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ní àṣà kan tó ṣeé gbára lé: bí wọ́n bá fò kúrò lórí igi kan, orí igi yẹn náà ni wọ́n máa ń padà sí. Nítorí náà, igi ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ yan igi kan, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí lámilámi máa wá bá yín. Ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé, nítorí náà aago àti ojú ọjọ́ ìhà tiwa ni ẹ óò bá níbí. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Kútọnu lè lò ó bó ṣe wà. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti dúró de ìgbà ooru, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ń wò

Oríṣi tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lágbàáyé lé ní 6,000. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Bí ó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì fún olùṣọ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ, ọ̀nà mẹ́ta péré sì ni mo máa ń pín wọn sí.

Àwọn kan ń bà. Wọ́n á bà sórí igi, wọ́n á máa wòkè, wọ́n á ta kútú lọ mú ohun jíjẹ, wọ́n á sì padà. Nínú wọn ni Trithemis arteriosa wà, èyí tó pupa fòò tí ìṣàn inú ìyẹ́ rẹ̀ náà sì pupa. Àwọn Orthetrum náà wà níbẹ̀, tí akọ wọn jẹ́ aláwọ̀ aró tó ní ẹfun lára. Palpopleura lucia kúrú ní tiẹ̀, ìyẹ́ akọ rẹ̀ dúdú, ẹni tí kò bá sì fara balẹ̀ wò ó lè rò pé labalábá kékeré ni. Brachythemis leucosticta ń bà sórí ilẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá ń rìn nínú koríko tí lámilámi mélòó kan ń bá yín lọ lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, òun ni. Kò sí ohun abàmì kankan níbẹ̀: ẹsẹ̀ yín ló ń ta kòkòrò jáde nínú koríko, òun sì ń kó wọn jẹ. Bó ṣe ń tẹ̀ lé màlúù nìyẹn pẹ̀lú.

Àwọn kejì kì í bà lójúmọmọ. Pantala flavescens ni ẹ óò rí jù, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó máa ń pọ̀ lókè pápá àti àyíká ilé nígbà tí òjò bá ń ṣú. Wọ́n á máa léfòó lọ, wọ́n á máa léfòó bọ̀, ẹ kò ní rí kí wọ́n sinmi. Arìnrìn àjò ni. Ní ọdún 2009, Charles Anderson, onímọ̀ ohun alààyè tó ń gbé ní erékùṣù Maldives, ṣàlàyé pé àwọn lámilámi yìí ń ti Íńdíà gba orí Òkun Íńdíà kọjá lọ sí ìlà oòrùn Áfíríkà. Ẹ má wulẹ̀ ri ọ̀pá tí wọn yóò bà lé mọ́lẹ̀ nítorí wọn. Ẹ kàn kọ wákàtí tí wọ́n dé, iye tí wọ́n tó, àti bí ojú ọ̀run ṣe rí.

Àwọn kẹta ni àwọn tín-ín-rín tó máa ń pa ìyẹ́ pọ̀ sẹ́yìn bí wọ́n bá bà, tí ojú wọn méjèèjì sì jìnnà síra. Ceriagrion glabrum, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọsàn tó pọ́n, wọ́pọ̀ láàárín koríko tútù. Wọn kì í fò jìnnà, ilẹ̀ lẹ́bàá omi ni ẹ óò ti máa wá wọn.

Ẹ ṣọ́ra nípa àwọ̀ o. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà jọ abo, àwọn méjèèjì máa ń ní àwọ̀ koríko gbígbẹ tàbí ti ìyeyè. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni akọ ń pọ́n, tàbí kí ẹfun aláwọ̀ aró bò ó lára. Ẹfun yẹn máa ń há kúrò. Tí ẹ bá rí akọ Orthetrum tí ìhà méjèèjì àárín ìrù rẹ̀ ti há, tó fi dúdú díẹ̀, ẹsẹ̀ abo ló dì í mú níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gùn. Ẹ lè fi àmì yẹn mọ èyí tó ti rí abo àti èyí tí kò tíì rí.

2. Ẹ tún ọgbà ṣe dè wọ́n

Ọ̀pá ni ìpìlẹ̀. Ẹ wá ẹ̀ka gbígbẹ tàbí ọ̀parun mẹ́ta tí orí wọn tín-ín-rín, tí kò ju ìka ọwọ́ kékeré lọ. Ẹ ri wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé: kí ọ̀kan ga dé orúnkún, kí ọ̀kan dé ìbàdí, kí ọ̀kan ga díẹ̀ ju orí ènìyàn. Kí ewé má ṣe bo orí wọn, nítorí ibi tó ti lè rí òfuurufú gbalasa ló ń fẹ́. Ẹ fi kálà tàbí òwú sàmì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ń sọ nínú ìwé yín. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yín sí nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta sí wọn, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n kí òjìji yín má bọ́ sórí ọ̀pá. Tí òjìji bá kọjá lórí rẹ̀ lójijì, á fò lọ.

Ọgbà tí kò ní omi náà máa ń rí lámilámi, pàápàá abo àti àwọn ọ̀dọ́, nítorí wọ́n máa ń jìnnà sí omi títí ara wọn yóò fi gbó. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà akọ, gígùn àti yíyé ẹyin, ẹ ní láti ní omi. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ri báàfù onírọ́bà ńlá mọ́ ọn títí dé ètí, kí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ da iyanrìn díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀pọ̀lọ́ lè rí ibi gùn jáde, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan gúnlẹ̀ sínú rẹ̀ kí orí wọn yọ sókè omi. Ẹ óò rí ìwúlò igi yẹn níwájú. Gbòǹgbò òṣíbàtà kan tó. Ojú oró ni kí ẹ yẹra fún: á bo omi pátápátá débi pé lámilámi kò ní mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, tanwíjí irú ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Mansonia sì máa ń so mọ́ gbòǹgbò ojú oró náà. Ẹ má sin ẹja síbẹ̀, nítorí á kó ọmọ lámilámi, tó ń dàgbà nínú omi, jẹ tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí gba kí a sọ ọ́ délẹ̀. Ọmọ lámilámi ń jẹ tanwíjí gan-an. Nílùú Yangon ní Myanmar, wọ́n ti kó ọmọ lámilámi sínú ìkòkò omi àwọn ará ilé láti fi dín ẹ̀fọn kù, ó sì dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn máa ń ṣáájú dé. Nínú ooru tiwa, bíi ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò, nígbà tí lámilámi kò tíì wá yé rárá. Nítorí náà, títí ẹ óò fi rí ọmọ lámilámi nínú omi náà, ẹ máa fi asẹ́ kó tanwíjí jáde ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí kò ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má gbé omi sílẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta yẹn náà tó o. Bákan náà ni ilé tí ọmọ tó ń rá tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bá wà: ẹ má dán báàfù wò níbẹ̀.

Ẹ jáwọ́ nínú fífín oògùn apakòkòrò. Ohun tó bá pa kantíkantí àti eṣinṣin ti kó oúnjẹ kúrò lẹ́nu lámilámi, ó sì lè pa òun fúnra rẹ̀.

3. Ìdájí

Láàárín aago 6 sí aago 7:30 àárọ̀, ara lámilámi ṣì tutù, kò lè fò dáadáa. Àkókò yìí nìkan ni ẹ lè gbé fóònù sún mọ́ ọn láìsí wàhálà. Ẹ rọra máa wo igi ilá, ẹsẹ̀ koríko gíga, okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí, láti ìwọ̀n orúnkún dé orí. Ẹ óò bá a tó so rọ̀, ìrì lára ìyẹ́. Ẹ kọ ibi tó sùn sílẹ̀, ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan kì í tètè pààrọ̀ ibùsùn.

Ẹ wo orí igi inú báàfù pẹ̀lú. Òru sí ìdájí ni ọ̀pọ̀ ọmọ lámilámi ń gun igi jáde látinú omi, tí ẹ̀yìn wọn á là, tí lámilámi á sì fa ara rẹ̀ yọ. Tí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán yinrin, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì gan. Tó bá ká báyìí, kò ní nà mọ́ láéláé. Awọ tó bọ́ sílẹ̀ lórí igi ni ẹ lè mú. Ẹ kó wọn sínú páálí ìṣáná, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀rí tó dájú ni pé nínú omi yín ni wọ́n ti dàgbà, pé wọn ò kàn kọjá lọ.

Nígbà tí oòrùn bá tàn dé ara wọn, àwọn tó ń bà á yí ẹ̀yìn sí i. Àwọn ńlá tí kì í bà lójúmọmọ a máa gbọn ìyẹ́ lójú kan kí ara wọn fi gbóná kí wọ́n tó gbéra.

4. Ìyálẹ̀ta

Tí ẹ bá ní wákàtí kan péré lóòjọ́, ẹ lò ó láàárín aago 9 sí aago 11. Àkókò yìí ni akọ máa ń gba ìjọba lẹ́bàá omi.

Ẹ jókòó. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ kàn jẹ́ kí ọgbà gbàgbé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú lámilámi kan lórí ọ̀pá kan, kí ẹ sì wò ó láti orí dé ìrù. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, ṣùgbọ́n ẹ lè máà rí ju mẹ́rin lọ tó fi di igi mú. Méjì iwájú ló ká sẹ́yìn orí, òun náà ló sì fi ń nu ojú. Ẹ wo orí. Ara kò mì, orí nìkan ló ń yí: ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó gbé sókè, ó dúró. Ohun kan ti kọjá lókè rẹ̀ tí ojú tiyín kò rí. Ó ti lọ, ó ti padà dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó ṣe bà, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ nà gbọnrangandan, wọ́n wá sọ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, títí tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orí rẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, ó ti mú nǹkan nìyẹn. Ìyẹ́ kòkòrò kékeré lè jábọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá. Tí ẹnu dákẹ́, ó pàdánù rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé akọ mìíràn ló lọ lé.

Kíkà ni iṣẹ́ tó kàn. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ka iye ìgbà tó gbéra, iye ìgbà tó jẹun dé, àti iye ìgbà tó lé akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard, tí wọ́n dán an wò nínú àgọ́ tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ká, rí i pé ó ń mú ju 90 lọ nínú 100 kòkòrò tó bá lé. Lóde gbangba, iye tiyín lè kéré sí ìyẹn, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kòkòrò sì rí ibi sá sí.

Ìjà akọ kì í sábà dé fífarakanra. Méjì á jọ fò yíra wọn ká, wọ́n á gòkè, ọ̀kan á sá. Ẹni tó ni ọ̀pá ló sábà ń padà. Ẹ wo bí ìjọba rẹ̀ ti gbòòrò tó: ibi tó ti ń yí padà nígbà tó bá lé àlejò lọ ni ààlà rẹ̀. Ẹ ya báàfù àti àwọn ọ̀pá sínú ìwé, ẹ fi bírò fa ìlà ibi tó fò dé, lẹ́yìn wákàtí kan ààlà á hàn.

5. Ọ̀sán gangan

Oòrùn kan àtàrí, ènìyàn á fẹ́ wọlé. Ẹ fara dà á díẹ̀. Lámilámi tí ooru bá mú á gbé ìrù rẹ̀ sókè ṣánṣán, á nà án sí oòrùn. Ẹ má wo ìrù nìkan, ẹ wo òjìji rẹ̀ nílẹ̀: ó ti sún kì. Ìwọ̀nba ara tí oòrùn lè rí jó ló ń dín kù. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ kọ́kọ́ rí i, nítorí á yàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó mọ́ kedere àti ọjọ́ tí ìkùukùu wà.

Gígùn àti yíyé náà wọ́pọ̀ láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Akọ á fi ìdí ìrù rẹ̀ mú abo lẹ́yìn orí, abo á ká ìrù tirẹ̀ wá síwájú, àwọn méjèèjì á di òrùka kan. Àwọn kan ń parí rẹ̀ lófuurufú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni abo á máa fi ìdí ìrù tọ omi, tó, tó, tó, ẹyin ló ń jábọ́ síbẹ̀. Akọ á máa fò lókè rẹ̀, ó ń lé àwọn akọ yòókù, nítorí èyí tó bá tún gùn ún lè gbá àtọ̀ tirẹ̀ kúrò. Àwọn tín-ín-rín kì í tọ omi. Inú ẹsẹ̀ koríko ni wọ́n ń ki ẹyin tiwọn bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà tí akọ ṣì di abo mú lọ́rùn.

Tí ẹ bá ti rí lámilámi tó ń fi ìrù tọ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹyin ló ń yé sórí irin. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọ lára ọ̀dà ọkọ̀ jọ bó ṣe ń kọ lójú omi, ìyẹn ló tàn án jẹ. Ẹ fi aṣọ bo ọkọ̀ tó bá wà nítòsí báàfù.

6. Ọjọ́rọ̀ àti àṣálẹ́

Láti aago 4, akọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi sílẹ̀. Jíjẹun ló kù. Ẹ yí àpótí yín padà kí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn; kantíkantí tó ń rọ́ lókè á máa dán nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò sì rí bí lámilámi ṣe ń la àárín wọn kọjá. Ọjọ́ tí èsúnsún bá jáde lẹ́yìn òjò, ẹ pa ohun gbogbo tì, ẹ bọ́ síta. Àwọn tó máa ń jà lárọ̀ọ́ á máa jẹun pọ̀ níbẹ̀ láìbá ara wọn jà.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, láàárín aago 6:30 sí aago 7:15, àwọn tí ẹ kò rí látàárọ̀ á jáde: Gynacantha, ńlá, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń fò nígbà tí ẹ̀fọn náà ń jáde. Lójúmọmọ, ibi òkùnkùn lábẹ́ igi ló ń so rọ̀ sí. Iná mọ̀nàmọ́ná a máa fà á wọ yàrá. Kò ní oró. Ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé, á jáde lọ.

7. Ohun tí ẹ óò kọ

Ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ti tó, báyìí: “Aago 9:40. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ kò sí. Pupa, akọ, ọ̀pá àárín. Gbéra 8, jẹun 3, lé akọ 2.” Ẹ máà fi ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ìkùukùu kan tó bo oòrùn lè mú kí gbogbo wọn bà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò kọ ọ́ á rò pé wọ́n ti lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ, ẹ ya fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, kí ìyẹ́ hàn dáadáa, ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn dá ẹranko àti ewéko mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá yín wò ó.

Àwọn ọmọ ilé ni kí ẹ fà mọ́ra, ojú wọn yá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n eré kí a máa so òwú mọ́ ìrù lámilámi, tí ọ̀pọ̀ wa ṣe ní kékeré, ẹ jẹ́ kó dópin. Ìrù yẹn ni ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ló fi ń mí. Ẹ fún ọmọ ní bírò kó máa bá yín kà. Á ṣe é tayọ̀tayọ̀.

8. Inú omi, àti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi asẹ́ gbọ́n ìsàlẹ̀ báàfù sínú abọ́ funfun. Ọmọ lámilámi ní àwọ̀ ẹrẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò sì jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ẹ ju tanwíjí kan síwájú rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ká sábẹ́ àgbọ̀n, á ta síwájú bí apá, á gbá tanwíjí mú, á fà á wá sẹ́nu. Tí ẹ bá tọ́ ọ, á tu omi jáde nídìí, á sì ta síwájú. Inú ìdí yẹn náà ló fi ń mí. Ẹ dá a padà kí omi abọ́ tó gbóná. Ti Pantala lè kúrò nínú ẹyin kó di afòfuurufú láàárín bí ọjọ́ 40, ìyẹn ló fi lè lo omi òjò tó dárogún. Ti àwọn mìíràn ń gba oṣù púpọ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, iye wọn á dín kù, ẹ má rò pé wọ́n ti kú tán. Robert Gambles, tó ṣèwádìí lámilámi Nàìjíríà tó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960, wo bí oríṣi kọ̀ọ̀kan ṣe ń la ọdún já: àwọn kan ń fi ara àgbà lo ẹ̀ẹ̀rùn nínú igbó, jìnnà sí omi, wọ́n ń dúró de òjò kí wọ́n tó yé. Ní oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ dín ìjókòó kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ máa bu omi kún báàfù, ẹ sì máa wo abẹ́ igi tó ní òjìji dípò ọ̀pá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ní oṣù kẹta, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá tí ikán bá ti jẹ, kí ẹ ri tuntun sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an, kí àkọsílẹ̀ ọdún méjèèjì lè bára mu.